Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́lé ní Àkúrẹ́, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ilé tí Arieh Sharon yà sí Ifẹ̀

Iṣẹ́ pláànù yíyà ni mò ń ṣe níbí ní Àkúrẹ́, lábẹ́ ọ̀gá mi tó jẹ́ àkítẹ́ẹ̀tì, mo sì ti pẹ́ nídìí ẹ̀ débi tí mo fi mọ ohun tó máa ń bí àwọn èèyàn nínú tí wọ́n bá kó wọlé tuntun tán. Màmá kan wà lójú ọ̀nà Ọ̀dà, àwọn ọmọ wọn ló rówó kọ́lé fún wọn, wọ́n fi fọ́tò ilé kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù pé irú ẹ̀ gan-an làwọn fẹ́, ilé funfun, gíláàsì ńláńlá, òrùlé tí wọ́n fi ògiri ká mọ́ tí èèyàn ò lè rí páànù ẹ̀ láti títì. Mo yà á bí wọ́n ṣe ní kí n yà á. Ilé yẹn rẹwà, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí màmá lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀ wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, wá o, ilé yìí ń sè mí." Mo débẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, iná ti lọ, mo gbọ́wọ́ lé ògiri yàrá wọn tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ó ṣì gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ààrò. Wọ́n ti so ìró méjì mọ́ gíláàsì nítorí oòrùn, ìsàlẹ̀ ìró yẹn sì rin gbingbin nítorí òjò tó rọ̀ lọ́sàn-án, torí kò sí nǹkankan tó yọ síta lókè wíńdò tó máa gba òjò dúró. Èmi ni mo ya ilé yẹn.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi lọ sí Ifẹ̀. Mo ti wọ inú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láìmọye ìgbà ṣáájú, mo lọ kí àbúrò mi, mo lọ gba ìwé, mi ò fìgbà kankan gbójú sókè wo àwọn ilé yẹn bí oníṣẹ́. Látìgbà tí mo ti wá wò wọ́n dáadáa, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kí n ya ilé fóun, tí ààyè bá wà, mo máa ń ní kó fún mi ní ọjọ́ kan péré ká jọ lọ. Èyí tí ò bá lè bá mi lọ, òun ni mo ń kọ èyí sí, kó lè dá lọ, kó sì mọ ohun tó máa wò tó bá débẹ̀.

Ẹ má tíì wọ mọ́tò o. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó yà á, torí ilé ò dá ya ara ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì mọ ibi tí ọkùnrin yẹn ti kọjá, ẹ máa mọ ìdí tó fi ṣe ohun tó ṣe. Arieh Sharon lorúkọ ẹ̀. Ọmọ Júù ni, ọdún 1900 ni wọ́n bí i sí Jarosław, ìlú kan tó wà ní Poland lónìí. Ní 1920 ó kó lọ sí Palẹstínì, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń dáko pọ̀ ní ibì kan tó ń jẹ́ Gan Shmuel, irú abúlé tí wọ́n ń pè ní kibbutz, tí gbogbo wọn jọ ń ṣiṣẹ́, jọ ń jẹun, tí oko àti ilé sì jẹ́ ti gbogbo wọn. Ibẹ̀ ló ti ń sin oyin, ibẹ̀ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé, ilé ẹran àti abà ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn ẹ̀ nìyẹn. Màlúù ò ní yìn ọ́ pé ilé tó o kọ́ rẹwà, tí ooru bá mú un kò ní fúnni ní wàrà dáadáa, ọ̀rọ̀ tán. Ẹni tó bá fi ilé ẹran kọ́ṣẹ́, ojú ọjọ́ lá kọ́kọ́ máa bi léèrè kó tó bi ojú èèyàn.

Ní 1926 ó gba Jámánì lọ, ó wọ iléèwé Bauhaus ní ìlú Dessau. Walter Gropius ló dá iléèwé yẹn sílẹ̀ ní 1919, kì í sì í ṣe ilé nìkan ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ igi gbígbẹ́, irin rírọ, aṣọ híhun, abẹ́ òrùlé kan náà ni gbogbo ẹ̀ wà. Gunta Stölzl tó jẹ́ ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń hunṣọ ni Sharon fẹ́ ní 1929. Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn ìyá wa ní Ọ̀wọ̀ nídìí òfì á mọ̀ pé aṣọ híhun àti ilé kíkọ́ ò jìnnà síra, tó o bá ṣi òwú kan kà ní ìbẹ̀rẹ̀, ibi tó o máa bá a dé lókè lo ti máa rí i. Hannes Meyer tó gba ipò Gropius ní 1928 ló wá fi Sharon sẹ́nu iṣẹ́, ó ní kó máa mójú tó kíkọ́ iléèwé àwọn òṣìṣẹ́ ní Bernau lẹ́bàá Berlin. Ohun tí Meyer gbà gbọ́ ni pé kí wọ́n tó ya ilé, kí wọ́n kọ́kọ́ wo ìgbésí ayé ẹni tó máa gbé e, ibi tí oòrùn máa bá a, bó ṣe ń sùn, bó ṣe ń dáná, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ẹwà. Ọdún 1933 ni Bauhaus ti ìlẹ̀kùn ẹ̀ nígbà ìjọba àwọn Nazi, àmọ́ Sharon ti padà sí Tel Aviv ní 1931.

Ibi tí iṣẹ́ ẹ̀ ti wá gbòòrò nìyẹn, ẹ fara balẹ̀ kà á torí ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ní Tel Aviv ó ya ilé fáwọn òṣìṣẹ́, ilé gbọọrọ gbọọrọ tó yí ọgbà kan ká láàárín, tí wọ́n jọ ń lo ibi ìfọṣọ àti ibi ìtọ́jú ọmọdé. Bẹ́ ẹ bá fi ojú tiwa wò ó, agbo ilé ni. Nígbà tí orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì dá dúró ní 1948 òun ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tó ń ṣètò ilẹ̀, ìyẹn ni pé ó kúrò lórí yíya ilé, ó bọ́ sórí yíya ìlú, ibi tí ọ̀nà máa gbà, ibi tí iléeṣẹ́ máa wà, ibi táwọn àlejò tó ń ya wọlé máa sùn. Lẹ́yìn ìyẹn òun àti Benjamin Idelson jọ ń ya ọsibítù, Ichilov ní Tel Aviv, Soroka ní Beersheba nínú aṣálẹ̀. Ní 1962 wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Ísírẹ́lì, tó jẹ́ ẹ̀bùn tó ga jù nílẹ̀ wọn, nítorí iṣẹ́ ilé yíyà. Ó kú ní 1984.

Ẹ wá to gbogbo ẹ̀ kalẹ̀ níwájú yín: ilé màlúù, ilé òṣìṣẹ́, odidi ìlú, ọsibítù, yunifásítì. Kò sí èyí tó jọ èkejì. Tẹ́ ẹ bá to fọ́tò wọn sórí fóònù ẹnì kan tí ò mọ̀, á ní èèyàn márùn-ún ló yà wọ́n. Èmi, látìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ilé kan náà ni mò ń yà, mo kàn ń yí ojú ẹ̀ padà ni, oníbàárà kan á ní kí n fi òpó sí i, òmíràn á ní kí n yọ òpó kúrò. Sharon ò mú ojú ilé kan káàkiri. Ìbéèrè kan ló mú káàkiri: oòrùn ibí ńkọ́, òjò ibí ńkọ́, àwọn tó máa gbé e ńkọ́. Bí ìdáhùn bá ṣe yí padà ni ilé á ṣe yí padà.

Bó ṣe dé Ifẹ̀ kò gùn. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ṣòfin yunifásítì tuntun ní 1961, wọ́n bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ní Ìbàdàn ní 1962 nígbà tí wọ́n ń múlẹ̀ sílẹ̀ ní Ifẹ̀, wọ́n sì kó lọ sí Ifẹ̀ ní oṣù kìíní 1967. Sharon ni wọ́n gbé yíyà ọgbà yẹn fún, ọmọ ẹ̀ Eldar wà níbẹ̀, àkítẹ́ẹ̀tì ọmọ Nàìjíríà A. A. Egbor náà wà níbẹ̀, iṣẹ́ yẹn sì gbà wọ́n tó ogún ọdún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hezekiah Olúwasanmí ló jẹ́ gíwá láti 1966 sí 1975, ìgbà tiẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ńlá yẹn dìde, orúkọ ẹ̀ ló sì wà lára láíbìrì títí dòní.

Ó yá, ká máa lọ. Ẹ gbéra ní Àkúrẹ́ kí aago méje àárọ̀ tó lù, ẹ wọ mọ́tò ní Iléṣà Garage, ẹ máa gba Igbára-Òkè, Ọwẹ́nà, ẹ máa kọjá Ìpetu-Ijẹ̀ṣà tó jẹ́ ìlú Olúwasanmí tí mo dárúkọ yẹn, kẹ́ ẹ tó kan Iléṣà, kẹ́ ẹ tó wá já sí Ifẹ̀. Ìgbà òjò ni kẹ́ ẹ lọ. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn máa ń fẹ́ ọjọ́ tí ojú ọjọ́ mọ́ kí fọ́tò lè dáa, àmọ́ ẹni tó fẹ́ mọ agbára agbòòrùn kì í dúró dìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ mú tépù dání, ìwé kékeré, bíróò, fóònù tó ní kọ́ḿpáàsì, àti bàtà tó lè wọ omi. Tẹ́ ẹ bá dé inú ọgbà, ẹ kí àwọn sìkọ́ríítì dáadáa, ẹ sọ fún wọn pé ilé lẹ wá wò, ẹ má yọjú sí kíláàsì tí wọ́n ti ń kàwé, ẹ má sì ya fọ́tò èèyàn láì tọrọ àyè.

Ẹ gba ibi tí àwọn ilé Humanities wà lọ tààrà, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ bí èdè àti ìtàn. Ẹ má sún mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ dúró sí ọ̀ọ́kán, ẹ kàn wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún láì mú fóònù jáde. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ rí ni pé ilé yẹn dorí kodò. Ilé tí gbogbo wa mọ̀, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ló máa ń fẹ̀, òkè á wá máa tín-ín-rín, tàbí kó dọ́gba látòkè délẹ̀. Èyí, bó ṣe ń gòkè ló ń fẹ̀ sí i, àjà kọ̀ọ̀kan yọ síta ju èyí tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ lọ. Àwọn kan máa ń sọ pé ṣe ló kàn fẹ́ ṣe àrà. Ẹ má gbà. Ẹ dúró kí òjò rọ̀.

Ọjọ́ tí mo mú ọmọṣẹ́ mi lọ, òjò bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, òjò tó ní atẹ́gùn nínú, a sì sáré bọ́ sábẹ́ ilé yẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń kàwé, wọn ò tilẹ̀ gbórí sókè, wọn ò ṣí ìjókòó nípò, wọ́n kàn ń báwèé lọ. Mo ní kí ọmọṣẹ́ mi mú òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta. Ó gbé ọ̀kan sí ibi tí omi ń dà sí láti etí àjà òkè, ó gbé èkejì sí ibi tí atẹ́gùn lè ta omi dé lórí ilẹ̀, ó gbé ẹ̀kẹta sídìí ògiri. A dúró wò ó fún bí ogún ìṣẹ́jú. Òkúta kìíní ń lúwẹ̀ẹ́, èkejì rin, tó bá di pé atẹ́gùn fẹ́ gan-an omi á kọjá ẹ̀ díẹ̀, á tún padà. Ẹ̀kẹta ò gba ẹ̀kán kan, eruku ṣì wà lára ẹ̀ nígbà tí òjò dá. Ọmọṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ nu ìdí ògiri yẹn, ó wo àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, ó wá ní, "Ọ̀gá, kò sí wíńdò gíláàsì ńlá kankan tá a máa tì níbí o, ẹ wò ó, ó ṣí sílẹ̀ ni." Òun ló rí i, èmi ò tíì rí i. Àjà òkè ti di agbòòrùn fún èyí tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ń lọ títí dé ilẹ̀, torí náà wọn ò nílò láti ti nǹkan pa nítorí òjò, atẹ́gùn wá ń wọlé kódà nígbà tí òjò ń rọ̀. Ní ilé màmá, tí òjò bá dé wọ́n gbọ́dọ̀ ti wíńdò, ooru á wá há mọ́ inú. Ẹ fi tépù yín wọn àyè láàárín òkúta kìíní àti ẹ̀kẹta, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ wọn nǹkan kì í gbàgbé.

Tí òjò bá dá, ẹ rìn gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Ìsàlẹ̀ ṣí, òpó ló gbé e dúró, èèyàn lè gba ibí wọlé kó gba ọ̀hún jáde, atẹ́gùn náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àgbàlá tó wà láàárín. Ẹ mú kọ́ḿpáàsì yín jáde, ẹ wo ìhà tí ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé kọ̀ọ̀kan kọjú sí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ilé tẹ́ ẹ bá wò lọ́jọ́ yẹn, títí kan Gbọ̀ngán Odùduwà àti láíbìrì. Ní Gbọ̀ngán Odùduwà, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò ni orí ìtàgé. Inú gbọ̀ngán wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ibi ìjókòó gbalasa tí kò ní òrùlé wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, orí ìtàgé wà láàárín méjèèjì tó lè sin àwọn tó wà nínú, tó tún lè sin àwọn tó wà níta. Ó yé ẹni tó yà á pé Yorùbá kì í ṣeré inú ilé nìkan, eégún ò lè jó nínú pálọ̀. Kò sì jọ Humanities rárá, torí ibi ìkàwé àti ibi àpéjọ kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ láti ilé kan sí èkejì, ẹ tún kíyè sí ibi tẹ́ ẹ ti ń rìn nínú òjìji àti ibi tẹ́ ẹ ti ń rìn nínú oòrùn, torí àárín ilé sí ilé náà wà lára ohun tí wọ́n yà.

Ẹ má wá rò pé mo ní kẹ́ ẹ lọ kọ́ irú ilé Humanities gan-an sí Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́ níbí o. Dẹ́kìn, ìyẹn àjà oníkọnkéré, tó yọ síta láìní òpó lábẹ́, irin inú ẹ̀ pọ̀, ó gba ẹnjiníà tó mọ ìṣirò, ó sì wọ́n. Bíríkìlà tó bá sọ fún yín pé òun lè fojú wọn ọn, ẹ sá fún un, ẹ̀mí èèyàn ló wà níbẹ̀. Kọnkéré tí wọn ò kùn lọ́dà, òjò wa máa ń sọ ọ́ di dúdú, òrùlé pẹrẹsẹ sì máa ń fẹ́ ìtọ́jú lọ́dọọdún, tí ewé bá dí ojú ihò omi ẹ̀ báyìí ẹ ti rí jíjò. Ìjọba ló kọ́ ti Ifẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa mú bọ̀ wálé ni ìbéèrè yẹn, ìdáhùn tiyín á bá àpò yín mu.

Kò sì yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Tẹ́ ẹ bá padà dé Àkúrẹ́, lọ́jọ́ kejì ẹ rìn lọ sí ààfin àtijọ́ ti Déjì, ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, àgbàlá lẹ́yìn àgbàlá, òrùlé tó yọ wá síwájú lórí òpó, èèyàn lè jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí òjò máa rọ̀ níwájú ẹ̀ láì kàn án. Ògiri amọ̀ tó nípọn, oòrùn kì í tètè rí i wọ̀. Ní Aràkálẹ̀ náà, àwọn ilé àwọn bàbá wa tó ṣẹ́ kù, ẹ wo báráńdà wọn. Àwọn tó kọ́ wọn ò lọ Dessau. Ó ń dùn mí gan-an tí mo bá rí i tí wọ́n ń wó ọ̀kan lulẹ̀ tí wọ́n ń fi ilé onígíláàsì rọ́pò ẹ̀, ilé tí wọ́n máa fi ẹ́sì mẹ́rin àti jẹnẹrétọ̀ gbé dúró.

Ká wá sórí pulọ́ọ̀tì tiyín. Kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya nǹkankan, ẹ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ kan, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ní ọ̀sán gangan, àti ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ẹ ri igi ẹsẹ̀ bàtà 6 mọ́lẹ̀ kó dúró ṣánṣán. Ọ̀sán gangan tí mò ń wí, níbí, aago kan kù ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni, kì í ṣe aago méjìlá géérégé. Ẹ wo òjìji igi yẹn. Ní òpin oṣù Díṣẹ́ńbà oòrùn á ti rọ̀ sí gúúsù, òjìji igi yín á na sí àríwá ní nǹkan bí ẹsẹ̀ mẹ́ta ààbọ̀. Ní òpin oṣù Júùnù oòrùn á ti rékọjá sí àríwá, òjìji á wá bọ́ sí gúúsù, kò sì ní tó ẹsẹ̀ méjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Épírì àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, oòrùn á dúró sórí yín gan-an, òjìji á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí.

Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé wíńdò tó kọjú sí àríwá tàbí gúúsù, ó rọrùn láti dáàbò bò. Wíńdò tó ga ní ẹsẹ̀ 4 níhà gúúsù, tí òrùlé bá yọ síta lókè ẹ̀ ní ẹsẹ̀ 2 ààbọ̀, oòrùn ọ̀sán ò ní kan gíláàsì ẹ̀ kódà ní Díṣẹ́ńbà. Ẹ wá gbé wíńdò kan náà lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Ní aago mẹ́rin ààbọ̀ oòrùn ti lọ sílẹ̀, ó ń wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, kẹ́ ẹ tó lè bo wíńdò yẹn tán ẹ máa nílò òrùlé tó yọ síta ní nǹkan bí ẹsẹ̀ 6 sí 8, bí oṣù bá ṣe rí. Ta ló ń ṣe ìyẹn? Òun ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù tí ilẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀. Tí ilẹ̀ ò bá gbà, bóyá pulọ́ọ̀tì 60 sí 120 tí ẹ̀gbẹ́ gígùn ẹ̀ kọjú sí títì níhà ìwọ̀ oòrùn, ẹ kó sítóò, ilé ìwẹ̀, àtẹ̀gùn ilé sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀ oòrùn yẹn, kí wọ́n máa gba oòrùn fún yín, kẹ́ ẹ fi yàrá sí ẹ̀yìn wọn. Báráńdà náà dáa níbẹ̀, igi náà dáa.

Atẹ́gùn: yàrá tó bá ní wíńdò kan ṣoṣo, atẹ́gùn ò ní wọ ibẹ̀ dáadáa bó ti wù kí wíńdò yẹn tóbi tó, ó gbọ́dọ̀ rí ibi jáde. Ẹ fi wíńdò sí ògiri méjì, tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi ihò sókè ìlẹ̀kùn. Lúfà àtijọ́ ṣì dáa ju gíláàsì tó ń rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ fún èyí, torí èyí tó ń rọ́ yẹn, ìdajì ẹ̀ péré ló máa ń ṣí. Òjò tó ní ìjì nínú, ti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òjò yẹn, ìlà oòrùn ló sábà máa ń ti wá, torí náà ẹ má gbójú fo ẹ̀gbẹ́ yẹn náà.

Tẹ́ ẹ bá wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa ya pláànù, ẹ má kọ́kọ́ mú fọ́tò jáde. Ẹ sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìwọ̀ oòrùn wà níbí, mo máa ń jí ní aago márùn-ún, ìyá mi ò lè gun àtẹ̀gùn, a máa ń gba àlejò tó ogún lọ́jọ́ ọdún, níta la ti máa ń dáná tó bá pọ̀." Tí ó bá kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ jókòó. Tó bá ń wo fóònù ẹ̀, ẹ dìde. Fọ́tò yín lè wá jáde lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́ ẹ jọ wo èyí tó bá ilẹ̀ yín mu nínú ẹ̀. Ẹ rí i dájú pé àkítẹ́ẹ̀tì tó forúkọ sílẹ̀ ló fọwọ́ sí i.

Ẹni tí ìrìn yìí bá dùn mọ́, kó lọ sí Ìbàdàn nígbà mìíràn. Ní inú yunifásítì ibẹ̀ ló ti máa rí iṣẹ́ Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi ògiri oníhò ṣe nǹkan tí Sharon fi àjà tó yọ síta ṣe. Nínú Ìbàdàn náà ni Demas Nwoko ti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Dominican, òun tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà níbi àfihàn iṣẹ́ àwọn àkítẹ́ẹ̀tì ní Venice ní 2023 nítorí iṣẹ́ ìgbésí ayé ẹ̀. Ilẹ̀ pupa tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ló máa ń pò mọ́ sìmẹ́ǹtì fi kọ́lé. Nwoko fúnra ẹ̀, ó máa gba ọjọ́ tiẹ̀, mi ò ní lọ́ ọ mọ́ èyí.

Ní ti màmá ojú ọ̀nà Ọ̀dà, mo padà lọ bẹ̀ wọ́n, mo sì sọ fáwọn ọmọ wọn pé mi ò ní gba owó iṣẹ́ lórí àtúnṣe. A ò lè yí ilé padà mọ́, fọndéṣọ̀n ti wà nílẹ̀. Báráńdà la fi sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀ oòrùn, ẹsẹ̀ 7, òpó mẹ́rin, páànù lórí ẹ̀, a gé gíláàsì ńlá yẹn kù sí ìdajì, a fi lúfà sí ìyókù, a sì la ihò méjì sí ògiri òdìkejì lókè. Kápẹ́ńtà parí lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. Mo dúró títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, mo tún gbọ́wọ́ lé ògiri yẹn, ó tutù bí ògiri yàrá yòókù. Ìró méjèèjì ti kúrò lójú wíńdò, wọ́n ti fọ̀ wọ́n, wọ́n sá wọn sórí okùn ní báráńdà, òjò sì ń rọ̀ níta. Yàrá ẹ̀yìn ló kù, ẹ̀gbẹ́ ìlà oòrùn, ibẹ̀ la máa bọ́ sí lẹ́yìn ọdún Iléyá.